Òfìfo Korobá Láti Àbíjàn Dé Èjìgbò

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo fi gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀ Àbíjàn ní Èjìgbò, lọ́dún 2009. Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa lè máa ṣe kàyéfì pé báwo ni ọkọ̀ ṣe ń gbéra láti ìlú kan ní Ọ̀ṣun tààrà lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Lọ́dọ̀ tiwa, agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn kò wọ́pọ̀. Ẹlòmíì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Èmi kò dé ibẹ̀ rí. Ẹgbàárùn-ún náírà ni mo san, wọ́n sì ní ọjọ́ méjì la máa lò lọ́nà.

N kò lọ ṣe fàájì. Àwa obìnrin méje la jọ ń ṣe ọṣẹ dúdú, tí a ń kó o ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti dolóògbé. Àbíjàn ni wọ́n bí Káyọ̀dé sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté. Òun ló ń pín ọṣẹ wa fún àwọn tó ń tà á. Fún ọdún mẹ́rin, inú páálí la ń di ọṣẹ náà sí. Páálí tuntun la ń rà nígbà gbogbo, a ó fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la sì ń kó ẹrù lọ. Bí òjò bá pa ọkọ̀ ní ibodè, páálí á rọ̀, ọṣẹ á lẹ̀ mọ́ra, ó di kí a máa ká ọwọ́ lérí.

Nígbà tó yá, Káyọ̀dé ní kí a dẹ́kun páálí rírà. Ó kó korobá ọ̀dà àlòkù ránṣẹ́, tìdérí tìdérí, ó ní inú wọn ni kí a máa kó ọṣẹ sí. Ó ní kí ẹrù wa máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́fà kí ọkọ̀ lè kún dáadáa, bí ọṣẹ bá sì tán, òun yóò dá korobá padà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti tún lò. Òótọ́ ni pé ìnáwó wa dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfìfo korobá yìí kò wọ̀ wá létí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní ta ni yóò gbé òfìfo kọjá ibodè mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́? Ó ní nǹkan kan wà nínú korobá yẹn tí ojú wa kò tó, lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ ẹ́, orúkọ wa ni wọn yóò bá lára ìdérí. Àwa fúnra wa la kọ orúkọ wa sí i. Àyà gbogbo wa já. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo bá Káyọ̀dé tan, kí n lọ fojú ara mi rí i.

Ọ̀nà náà kò ṣe é fi ẹnu sọ tán. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, inú ìgò ni wọ́n ti ń ta epo mọ́tò lẹ́bàá títì bí ẹni ń ta epo pupa. Ní Lómè, òkun súnmọ́ ọ̀nà débi pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi iyọ̀ sí mi lẹ́nu. Ní Gánà mo jẹ kẹ́ńkè, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ tó kan, tí wọ́n fi háríhá àgbàdo dì. Ìlú tó kẹ́yìn ní Gánà ni Elubo. Mo rò pé n ó bá èlùbọ́ níbẹ̀, àṣé orúkọ lásán ni. Ọkọ̀ àjàgbé àti àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ kan sí ti ilẹ̀ kejì ló kún ibẹ̀. Gbogbo ibodè tí a dé ni mo ń wo bí wọ́n ṣe ń tú ẹrù. Mo ń wá ẹni tó gbé òfìfo. N kò rí ẹnì kankan.

Abobo, àdúgbò kan ní Àbíjàn, ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Káyọ̀dé, ń gbé. Nígbà tí a dé ìlú, gbákà ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré èrò púpọ̀ wọn. Igba sẹ́fà, owó ilẹ̀ wọn, ni wọ́n gbà, “deux cents” ni ọmọ ọkọ̀ sì ń pariwo. Àwọn ọmọ inú ilé na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kò sí èyí tó kúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú, kí n tó rí i pé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá wọn gan-an nìyẹn. Káyọ̀dé nìkan ló dọ̀bálẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Tàńtì, ìyẹn àǹtí, ló ń pè mí.

N kò sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní mo wá kí wọn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí korobá bí ọgọ́fà ní àgbàlá, tí wọ́n tì bọ inú ara wọn. Nígbà tí kò sí èèyàn nítòsí, mo fa díẹ̀ yọ, mo fi imú fín inú wọn, mo fi ìka kan ìdí wọn bóyá ìdí méjì ni wọ́n ní. Òórùn ọṣẹ wa ni mo gbọ́. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó bá gbọ́n kò ní tíì kó nǹkan sí i nígbà tí àlejò wà nílé.

Káyọ̀dé kò fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, ìyẹn gan-an ló sì ń pọ́n mi lójú. Ó mú mi lọ sí Cocody, níbi tí ilé àwọn olówó wà, ó fi àwọn akunlé hàn mí tí wọ́n ń kó korobá òfìfo fún un dípò kí wọ́n jù wọ́n nù. Ó tún mú mi dé ẹnu ọ̀nà èbúté. Ọkọ̀ àjàgbé tò lọ bí èèrà, àwọn kan ń fi ẹrù wọlé, àwọn kan ń jáde lófìfo. Ó nàka sí àwọn tó ń jáde.

“Tàńtì, camion tó bá padà lófìfo, ẹni tó rán an níṣẹ́ ló san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo bi í pé ta ló wá ń sanwó kí korobá wa padà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń san án. Ó ní l'espace tó wà lókè ẹrù awakọ̀ ni àwọn ń lò. N kò mọ ohun tí l'espace jẹ́, n kò sì bi í. Lójú mi, ẹni tó fẹ́ purọ́ ló ń sá wọ inú Faransé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé àtíéké fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àtíéké dà bí gàrí tí a fi ooru omi sè, wọ́n fi ẹja díndín àti àlùbọ́sà lé e lórí. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Obìnrin yìí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá bẹ òun wò lẹ́yìn ikú ọkọ òun.

Ọjọ́ karùn-ún ni ọkọ̀ tí yóò kó korobá padà gbérù ní ibùdókọ̀ Abobo Gare. Mo sọ pé òun ni n ó bá lọ. Làmídì lorúkọ awakọ̀ náà, ọmọ Ẹdẹ ni, ṣùgbọ́n Èjìgbò ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ta àtíéké fún àwọn tó ti Àbíjàn dé. Àtíéké tútù tí ìyàwó rẹ̀ yóò tà ni wọ́n kọ́kọ́ tò, nínú ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n wá to korobá wa lé e lórí, wọ́n sì fi okùn dì í pinpin. Mo ní kí wọ́n tú ọ̀wọ́ kan kí n wò ó. Káyọ̀dé ní a ti dì í tán, kí n jọ̀ọ́. Ó fa àpòòwé kan jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ Làmídì lọ́wọ́, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Júlà, èdè ọjà ibẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní papier, ìyẹn ìwé, ni, “y a pas drap”, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń sọ pé kò sí wàhálà. Mo wo ojú rẹ̀, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ohun tí mo wá rí nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la kọjá sí Elubo. Òṣìṣẹ́ ibodè gba àpòòwé lọ́wọ́ Làmídì, ó kà á, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́ jẹ́ kí a máa lọ. Mo ronú pé bí mo bá dákẹ́ tí wọ́n mú wa níwájú, mo ti di ara wọn nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ̀. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn ọkọ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì táátààtá mi sọ fún un pé kí ó wo inú àwọn korobá yẹn.

Wọ́n ní kí Làmídì wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tú okùn, wọ́n fa gbogbo korobá yọ kúrò nínú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kan ìdí wọn bí mo ti ṣe. Wọn kò rí nǹkankan. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n bá ti tú, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó kọjá, ọ̀gá kò sì ní dé títí di ọjọ́ Ajé. Làmídì bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní oúnjẹ tútù ni òun gbé. Ó bi mí pé kí ló lè mú kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà bẹ́ẹ̀ lójijì. Mo ní n kò mọ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo rí ìwé inú àpòòwé lórí tábìlì wọn. Òṣìṣẹ́ kan ka ìlà kan níbẹ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì: iye korobá, orúkọ wa méjèèje, àti pé òfìfo ni wọ́n, tí a fẹ́ tún lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Làmídì já ọ̀rá àkọ́kọ́. Òórùn kíkan bò wá mọ́lẹ̀. Ó já òmíràn, ó já ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà kò já ìkankan mọ́, ó kàn ń kó wọn lọ sí kòtò ẹ̀yìn ọgbà, ó ń dà wọ́n nù. Mo bá a kó o. Àwọn ewúrẹ́ dé, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n kúrò níbẹ̀.

A ti kọjá Tàkórádì kí n tó lè lanu.

“Làmídì, èmi ni mo ní kí wọ́n tú ẹrù náà.”

Nígbà tí a dé ilé epo kan, ó yà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí òkúta kan. Mo tẹ̀lé e, mo dúró síwájú rẹ̀. N kò lè jókòó.

“Àtíéké kì í gba ẹrù lórí,” ló wí. “Tí mo bá gbé nǹkan tó wúwo lé e, á di ìṣù. Òkè rẹ̀ máa ń ṣófo ni. Korobá yín fúyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn pa á. Èmi ni mo bẹ Káyọ̀dé kó máa kó wọn fún mi. Ẹ ò bi mí, Ìyá.”

Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé àyè ni l'espace.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wọ Èjìgbò. Ìyàwó Làmídì àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń dúró, àwọn mìíràn gbé abọ́ dání. Mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó sọ̀, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un níwájú gbogbo wọn. Ó wò mí, kò bú mi. Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, kò sí.

Lọ́jọ́ kejì mo ròyìn fún ẹgbẹ́ wa. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní àwọn ló rán mi, ẹ̀bi náà kì í ṣe tèmi nìkan, a sì fẹnu kò pé kí olúkúlùkù wa mú ọṣẹ wá kí ìyàwó Làmídì fi bẹ̀rẹ̀ ọjà padà. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n Làmídì ra tapólì, òun ló fi ń bo àtíéké rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ mìíràn la sì ń san owó fún láti kó korobá wálé. Mo ti rò pé ìrìn àjò ń la ojú ẹni. Tèmi kọ́ mi pé ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó kúrò nílé lè la orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọjá kó má rí ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹta tí mo padà dé ni mo tó lè pe Káyọ̀dé lórí fóònù. Ó ní Làmídì ti pe òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ tí mo ń kan ìdí korobá ní àgbàlá, òun rò pé bí mo bá kàn án tán, ọkàn mi á balẹ̀ ni.

“Mélòó ló dé, Tàńtì?”

“Ọgọ́fà. Wọ́n pé.”

“D'accord, ó dáa. Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, kí oòrùn pa wọ́n kí ẹ tó kó ọṣẹ sí i.”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ká ìró mi sókè, mo fa omi kànga, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ wọ́n. N kò pe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi fọ̀ ọ́.