Òkúta Tó Wà Lẹ́yìn Bánà Pásítọ̀

Ilé tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fún wa ní Toronto wà lábẹ́ ilé ẹlòmíràn. Bésímẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é níbí. Nígbà tí mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa ti fún wa ní ibùgbé lórí ilẹ̀ Canada, ìyàwó mi rọra sọ sí mi létí pé kí n má parọ́ nílé Ọlọ́run, abẹ́ ilẹ̀ ni. Mo ṣáà dúpẹ́ náà. Fèrèsé wa ga débi pé bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan la máa ń rí, a sì mọ bàtà gbogbo aládùúgbò wa kí a tó mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹni tó ni ilé ń gbé lókè wa. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Oshawa ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Òkè ni a máa ń pè é láàárín ara wa. Nígbà tó yá mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ó sàn ju ohun tí àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ń pe òun lọ.

Ohun kan wà tí kò yé mi nípa rẹ̀. Kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa rárá. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo ilé gbóná wà, tó bá sì ti kọṣẹ́, Bàbá á dúró lórí àtẹ̀gùn lókè, á máa darí mi láti ibẹ̀ bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú: "Iná kékeré yẹn ńkọ́? Ṣé pupa ni àbí búlúù?" Mo rò pé orúnkún ló ń dà á láàmú, àmọ́ orúnkún yìí kan náà ló fi ń gun àkàbà lọ kó ewé kúrò lórí òrùlé. Mo wá bi í léèrè.

"Kòtò èédú ló pa bàbá mi," ló sọ. "Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti búra pé mi ò ní wọ abẹ́ ilẹ̀ kankan."

"Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀."

Mo wo ẹnu àtẹ̀gùn tó lọ sílé mi. Òun náà wò ó. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yìnyín.

Lọ́jọ́ kan ló dárúkọ ìlú rẹ̀ fún mi, ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó."

"Lóòótọ́," ló sọ, "kò sí ẹlòmíì tó kù níbẹ̀ mọ́."

Bó ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn èèyàn wa tó bá ń lọ sí ìlú Ọba, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n máa ń gbàdúrà fún. Ọlọ́run a gbọ́ àdúrà wọn, ìwé ìrìnnà a jáde, wọ́n á sì bá ara wọn níbi tí èédú ti tán, tí àwọn ọmọ onílùú ti sá lọ, tí àwọn òbí wọn sì kù nílé láìsí ẹni tí yóò fún wọn ní tíì. Nígbà tí àbúrò mi fi fọ́tò ìlú náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ìyá wa wò ó títí, wọ́n ní kí ó fi èyí tí afárá ńlá Lọ́ńdọ̀nù wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Òkè ti ń sọ̀rọ̀ fún mi. Ìbúgbàmù kan ṣẹlẹ̀ nínú kòtò nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n gbé bàbá rẹ̀ jáde láàyè, àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀ tí òun náà fi kú sórí ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Bàbá ti wá sí Canada ni àwọn ará ìlú gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú sára òkúta, wọ́n sì mọ ọ́n mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń kọrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kọ̀wé pé orúkọ bàbá àwọn wà níbẹ̀. Ìbátan mìíràn ní irọ́ ni, ilé-iṣẹ́ èédú ti sọ pé ọkùnrin náà kò kú sínú kòtò, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, nítorí náà wọn ò kà á mọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ti kú láìtíì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Òkè kò sì lọ wò ó rí.

"Ẹ̀rù ni," ló sọ. "Tí mo bá débẹ̀ tí mi ò bá a ńkọ́?"

Ní báyìí ojú rẹ̀ ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé àárín ohun tó bá ń wò ni yóò máa ṣókùnkùn, títí tí kò fi ní lè kàwé mọ́. Ó fẹ́ mọ̀ kí ó tó dìgbà náà. Ó ní tí orúkọ náà bá wà níbẹ̀, òun fẹ́ fi ojú òun rí i, tí kò bá sì sí níbẹ̀, òun fẹ́ fi ojú òun rí ìyẹn náà.

Ẹnu mi yá, mo ní kò sí ìṣòro. Mo pe àbúrò mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, Sátidé ni mo ráyè," ló dáhùn. "Kí lẹ ní kí n wá? Òkúta? Òkúta pọ̀ níbí o."

Àárọ̀ Sátidé ni lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ mi obìnrin, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti fóònù lọ, sórí tábìlì Bàbá kí a lè máa wo àbúrò mi nínú fídíò. Ó ti wọ táì. Mo ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà, ó sì tẹrí ba, àmọ́ ó la ojú kan sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ mọ ibi tí àdúrà náà máa parí sí ni. Nígbà tí mo fi ṣe àmín, tíì rẹ̀ ti tutù.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi kòtò èédú fúnra rẹ̀, kí Bàbá lè rí gbogbo ìlú. Ohun tí a rí ni wíáháùsì kan tó gùn lọ rẹrẹ, irú èyí tí èmi náà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní Brampton, ọ̀dà ara rẹ̀ kan náà.

"Kòtò náà dà?" Bàbá bi í.

"Ibi tí wọ́n ń gbé lọ́rì sí yẹn, sà, abẹ́ ibẹ̀ ni."

Ó lọ síbi kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí wọ́n fi ń fa àwọn òṣìṣẹ́ sókè láyé ìgbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ti kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n rì í mọ́ àárín ráńdábáùtù, wọ́n sì gbin òdòdó yí i ká. Ìdajì rẹ̀ ni.

"Ìdajì kejì ńkọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n fún ìlú kejì, sà, kí àwọn náà lè ní ìtàn."

Ibì kẹta ni pátákó kan tí wọ́n kọ ìtàn kòtò náà sí. Oòrùn ti pa gbogbo ìtàn náà rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì hàn ketekete ni ìkìlọ̀ ìsàlẹ̀ pé kí ẹni tó ní ajá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀ fún àwọn àlejò.

"Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀," Bàbá sọ, "kò sẹ́ni tó fún wọn ní bẹ́ǹṣì."

Ó wá dárúkọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Àbúrò mi dúró lójú títì. "Sà, mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Bó ṣe di tiwa nìyí: àwọn onílùú pa á tì, ẹnì kan ta kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ṣófo, àwọn èèyàn wa sì háyà rẹ̀. Àbúrò mi ní kọ́kọ́rọ́ nítorí pé òun ló ń gbálẹ̀. Ó wọlé, a sì rí aṣọ aláwọ̀ elése-àlùkò lórí pẹpẹ, òdòdó oníke, àti àwọn sípíkà tó tó láti ji gbogbo ìlú náà dìde. Bàbá ní wọ́n ti kọ ọ́ sí òun pé ògiri ọwọ́ ọ̀tún ni òkúta náà wà. Àbúrò mi yí fóònù sọ́tùn-ún. Bánà ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwòrán Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé ọdún náà jẹ́ Ọdún Ìgbòòrò.

Àbúrò mi rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ pátápátá. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti mọ òkúta tí wọ́n ń wí."

"Ibo ló wà?"

"Ó wà lẹ́yìn Pásítọ̀."

Ó ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ débẹ̀, ìjọ kò pọ̀. Pásítọ̀ wo ògiri, ó rí orúkọ àwọn òkú, ó ní báwo ni alààyè ṣe máa ráyè jókòó níbi tí òkú ti gba gbogbo àyè. Wọ́n gbààwẹ̀. Wọ́n da òróró sára òkúta náà, wọ́n pàṣẹ fún gbogbo òkú tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé bánà bò ó.

"Ṣé ìjọ wá pọ̀ lẹ́yìn náà?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, sà. Ìgbà yẹn náà ni ọsibítù gba àwọn nọ́ọ̀sì tuntun."

Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tán, torí èmi náà gba àdúrà gbọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ iléèwé ìjọ ló tọ́ mi dàgbà, mo sì rántí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, bó ṣe kún fún òkúta mábù tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí: ẹni tó fún wọn nílẹ̀, olùkọ́ ìjọ àkọ́kọ́, ìyá tó ń gbálẹ̀. Tí ìwàásù bá gùn, orúkọ wọn la máa ń kà kí oorun má bàa gbé wa lọ. Kò sẹ́ni tó lé wọn jáde. A kó gbogbo nǹkan tó kù wá sí òkè òkun, ògiri yẹn nìkan la gbàgbé sílé.

"Kí ló ń sọ?" Bàbá bi mí.

"Ó ní bánà ló bò ó, sà."

"Kó ká a kúrò."

"N kò lè dán an wò," àbúrò mi dá mi lóhùn ní Yorùbá. "Ojú Pásítọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n á ní mo fẹ́ gba ìjọ."

Ó pe Pásítọ̀. Kò pẹ́ tí Pásítọ̀ fi dé, ọkùnrin kúkúrú kan, ara rẹ̀ yá gágá, ó ṣì wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran tí wọ́n ń wọ̀ ní wíáháùsì. Àbúrò mi ní láti ṣíìfù ní wíáháùsì orí kòtò yẹn ló ti ń bọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa ìdílé mi àti òtútù, ó wá sún mọ́ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bínú. Ohun tí a ti lé jáde, ṣé ó yẹ kí a tún ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Pásítọ̀, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ lé jáde ló jókòó tì mí yìí. Ó wọ táì."

"Ọmọ rẹ̀ gan-an?"

"Ọmọ rẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ ń lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ kó tó di pé kò lè kà á mọ́."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá náà ṣe?"

"Ó ń wa èédú."

"Níbo?"

"Abẹ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn."

Pásítọ̀ wo ẹ̀wù ara rẹ̀. "Abẹ́ wíáháùsì wa?"

"Abẹ́ ibẹ̀ ni. Tó bá sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì yín yẹn ló ti ń kọrin."

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gun àga. Ó tú bánà náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ká wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Òkúta náà dúdú. Òróró ti jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àbúrò mi tú síkáàfù orí rẹ̀, ó fi nù ún, orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bàbá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan kà. Ó ní kí àbúrò mi kà á fún òun.

Àbúrò mi fi ohùn tí wọ́n fi ń kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kà á. Bàbá ń fèsì ní ẹsẹẹsẹ: "Ará ilé kejì wa. Ẹni yẹn ló kọ́ mi ní odò wíwẹ̀. Ọ̀mùtí ni, àmọ́ ó láàánú." Àwọn orúkọ náà tán. Orúkọ bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," Pásítọ̀ sọ. Ó ti kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ òkúta, ó ń fi èékánná ha òróró tó dì. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ọwọ́ tó gbẹ́ ti òkè. Ẹnì kan ti padà wá fi kún un lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Àbúrò mi kà á.

Bàbá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ẹ̀rọ náà láti igun ojú, torí ibẹ̀ ló ṣì ti ń ríran.

"Òun ni," ló sọ.

Nígbà tó yá ó bi mí pé kí ló ń mú kí òkúta náà máa dán tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè parọ́ fún un. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni Pásítọ̀ dojú kọ bánà rẹ̀, tó ń ká a ní àkátúnká.

"Wọ́n ń gbàdúrà pé kó kúrò níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ilé-iṣẹ́ tó ni kòtò ti gbìyànjú ìyẹn ṣáájú yín," ló sọ. "Wọn ò lọ."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ sọ fún ìjọ pé Ọlọ́run ti ṣí i payá fún òun pé àwọn olùjọsìn ìgbàanì wà lára ògiri náà. Àbúrò mi ní kò mẹ́nu kan fóònù. Wọ́n gbé bánà sí ògiri òdìkejì, ó wá di pé Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń wo àwọn orúkọ náà lójú látìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dópin. Wọ́n ní ìwàásù ti kúrú díẹ̀. Mo bá wọn dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ amúlégbóná tún kọṣẹ́. Mo lọ dúró tì í, mo ń retí ohùn láti òkè. Bàtà ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Òkè dé àárín pálọ̀ wa. Ó tẹ orí ba, bẹ́ẹ̀ àjà kò kàn án. Ó wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó wo fèrèsé tí bàtà kan ń kọjá níwájú rẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó sì fi ìka kan igi tó gbé òkè ró bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gbé e dúró.

"Ta ló fi yín síbí?" ló bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," mo dá a lóhùn, mo sì fún un ní àga.