Ẹsẹ̀ Ọmọ Kì í Ṣe Pupuru

Ní Erinje, bí ènìyàn bá bi Salome ní ọ̀rọ̀ kan, nǹkan méjì ni yóò gbé lọ sílé: èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi jọ nǹkan mìíràn. Kò mọ ìwé. Ìyá rẹ̀ tó máa ń pa àlọ́ fún wọn lábẹ́ òṣùpá ló kọ́ ọ pé ohun tí ojú kò bá tó, ohun tí ọwọ́ ti bà rí ni a fi ń wò ó. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé àdúgbò wọn, tí àwọn àgbà ń yẹ ẹ̀yìn àpótí wò bóyá wọn yóò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, Salome ní, "Omi tó wà nínú kèrègbè, ṣé inú kèrègbè ló ti sun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ìròyìn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ti ń pè é ní Ìyá Ó-dà-bí.

Ṣíṣe oúnjẹ tí à ń pè ní pupuru ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n ní ìṣù róbótóróbótó, yóò tò ó sórí àjà lókè iná. Èéfín á sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú bí èédú, inú á wà ní funfun.

Ní ọdún 1968, igbà já mọ́ Àkànmú, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lórí ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ ni Àkànmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni oko rẹ̀. Egungun ojúgun rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ókìtìpupa, dókítà to egungun náà, ó fi símẹ́ńtì funfun dì í, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àṣé nǹkan náà máa ń yúnni. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Àkànmú fi ń ké. Mákánjúọlá, bàbá rẹ̀, gbé òòlù.

"Ìyá Àkànmú, yà lọ́nà! Wọ́n ti sin ìdajì ọmọ mi láàyè."

"Bàbá Àkànmú, ẹ wo òkè àjà. Pupuru tí mo mọ lánàá, ṣé ẹ máa ń là á lónìí? Èèpo ló ń ṣọ́ inú."

Ọkọ rẹ̀ wo àjà, ó wo ẹsẹ̀, ó gbé òòlù sílẹ̀. "Obìnrin yìí, ọjọ́ tí o bá kú, ẹnu rẹ la ó sin lọ́tọ̀."

Ọ̀rọ̀ pupuru náà dùn mọ́ Salome nínú. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń tún un sọ fún. Ó fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Agatha, aládùúgbò wọn, dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú.

"Ìyá Ó-dà-bí, kí ló ń rùn báyìí?"

"Pupuru wo ni kì í kan kó tó gbẹ?" ni Salome fi dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ara Àkànmú gbóná bí ààrò, kò lè jẹun. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, kò pariwo mọ́.

"Salome," ó ní, "ẹ̀gẹ́ kì í ké. Ọmọ rẹ ń ké."

 Salome bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ẹsẹ̀ náà. Kì í ṣe òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan. Òórùn ẹran ni.

"Àkànmú, kí lo ṣe?"

Ọmọ náà gbójú sílẹ̀. "Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fà yọ, Yèyé, tí mo fi ń họ ọ́. Ó kán sínú ibẹ̀."

"O kò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ti fi ẹsẹ̀ mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ló tì mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára ju bí òòlù ì bá ti wọ símẹ́ńtì lọ. Mákánjúọlá tún na ọwọ́ sí òòlù.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Salome wí. "Èmi náà kò fi wé nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e padà fún ẹni tó dì í."

Dókítà kò fọ́ símẹ́ńtì náà. Ó gé ihò kékeré sí i lára bí fèrèsé, ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ náà yọ, ó fọ ọyún dànù. Ó ní bí wọ́n bá tún fi ọjọ́ méjì dúró, ẹsẹ̀ náà ì bá lọ. Salome ń wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Bí òun náà ṣe máa ń ṣe pupuru tó bá fura pé inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nìyẹn: á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ dá ihò sí i, á yọjú wo inú rẹ̀, á tún dá a padà síná. Láti kékeré ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Apá tó dùn mọ́ ọn nìkan ló mú nínú àfiwé náà.

Kò fi àfiwé sílẹ̀ o. Ta ni í fi ẹnu ara rẹ̀ sílẹ̀? Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá ti fi nǹkan wé nǹkan tán, yóò tún béèrè pé, "Níbo ni wọn kò ti wá jọra?"

Ọjọ́ tí Àkànmú kọ́kọ́ tún gun ọ̀pẹ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro díẹ̀, Salome dúró nísàlẹ̀, ó gbé ojú sókè. Agatha fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Ìyá Ó-dà-bí, kí ló jọ?"

Ìyá náà kò mú ojú kúrò lókè.

"Ó jọ Àkànmú," ló wí.