Ọjọ́ Tí A Na Àtẹ́lẹsẹ̀ Sí Alága

Iléyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni èyí tó tẹ̀lé ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má rántí àárọ̀ náà mọ́, nítorí pé epo ti fò ní àìmọye ìgbà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, mo ń gbé yàrá kan ní Ajíbọ́dé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní apá Ìrókò.

Mo ti ja ìjà tó pọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àgbà nítorí omi. Nínú ẹgbẹ́ olùkọ́, mo ti gbé pátákó tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi ní kí a kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn nà wá. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀ títí di òní, àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá kan ló dá a sílẹ̀.

Ìyá Rábì ni wọ́n ń pe ìyá náà. Àbà Láníyì, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìrókò, ni wọ́n ń gbé, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń gbìn. Rábì ọmọ wọn ló ń lé làálì fún gbogbo obìnrin àdúgbò nígbà ọdún àti ìgbéyàwó. Nígbà Iléyá tí mo wí yìí, ó lé e fún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, làálì ti parẹ́ tán, àfi ojú dúdú kan ní gìgísẹ̀ òsì, tó tó hóró àgbàdo.

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lọ sí ọsibítù kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sí abúlé náà. Mátírọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ wò ó láti orí àga wọn.

“Ìyá, làálì nìyẹn. Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín.”

“Mo ti fọ̀ ọ́, ọmọ mi.”

“Ẹ fi kànìnkànìn bó o dáadáa. Ayédèrú làálì ni Rábì pò.”

Ìyá Rábì lọ sílé, wọ́n fi kànìnkànìn bó o, wọ́n tún fi òkúta ha á. Ẹ̀jẹ̀ jáde, ojú ibẹ̀ jinná, dúdú náà sì wà níbẹ̀ bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde.

Ìgbà yẹn ni Rábì mú wọn wá bá mi, nítorí pé èmi ni Tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ó bi mí bóyá kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo rẹ́rìn-ín àwọn tó kàwé, èyí tó máa ń gba imú jáde.

“Rábì, jẹjẹrẹ awọ ara kẹ̀? Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Awọ wọn fẹ́lẹ́, oòrùn ló ń dá a sí wọn lára. Tiwa dúdú, agboòrùn wà lára rẹ̀ láti ọ̀run wá.”

“Ṣé oòrùn máa ń ràn dé abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó ni, Tíṣà?”

Ọ̀rọ̀ gígùn ni mo fi dá a lóhùn. Mo tiẹ̀ fi àwòrán ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ awọ ara tó wà lára ògiri ọsibítù abúlé ṣe ẹ̀rí, níbi tí òyìnbó kan ti kọ ẹ̀yìn síni, tí èjìká rẹ̀ pọ́n bí ata. “Ṣé o rí aláwọ̀ dúdú kankan níbẹ̀?” Rábì ní òun ò rí i. Mo rò pé mo ti borí. Mi ò mọ̀ pé ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí Rábì wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Kò jókòó.

“Tíṣà, hóró àgbàdo ni nígbà tí ẹ rí i. Nígbà tí a ń hú ẹ̀gẹ́, ó ti tó kóró àgbálùmọ̀. Báyìí, ó ti tó ìdérí ìgò. Mo ti ń lé làálì láti kékeré. Làálì máa ń pẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n làálì kì í dàgbà.”

Gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, kò sí gbólóhùn tó mọ́gbọ́n dání tó yẹn nínú wọn. Ọjọ́ kejì, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, a gbé ìyá lọ sí ọsibítù ńlá ní ìgboro, níbi tí dókítà awọ ara wà. Akọ̀wé ojú fèrèsé ní kí a mú ìwé tí ọsibítù abúlé fi darí wa wá. A ò ní in. A padà lọ bá mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n ní àwọn ò lè kọ̀wé sí ìgboro nítorí làálì, pé wọ́n á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. A lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la gbọ́ pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ ní Àbà Láníyì láti wá ṣí ìpolongo lòdì sí àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n ta kánópì. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan dúró tí àwòrán alága gba ìdajì rẹ̀. Òyìnbó elẹ́jìká pípọ́n ló wà nísàlẹ̀, bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ alága.

Èmi, ògbólógbòó ajàfẹ́tọ̀ọ́, jókòó, mo kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ewé mẹ́ta. Rábì gbé e wò.

“Ta ló máa kà á, Tíṣà?”

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Mo ká ìwé mi, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti lé làálì fún rí gbà láti bá a ṣe é. Èyí tí mi ò retí ni Ìyá Wòlíì, aládùúgbò wọn, ìyàwó olórí ìjọ aláṣọ funfun, tí wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá wọ sùtánà.

“Làálì kẹ̀? Èmi ìyàwó wòlíì?”

“Ojú kan ṣoṣo ni, mà,” ni Rábì wí.

“Ó dáa. Olúwa mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí tèmi dáa ju ti àwọn tó kù lọ o.”

Ọjọ́ pé. Alága dé, wọ́n kí i kú àbọ̀ títí oòrùn fi mú. Bó ṣe gba gbohùngbohùn ni obìnrin mẹ́rìnlá dìde, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú kánópì, wọ́n jókòó, wọ́n sì na ẹsẹ̀ òsì sí i. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a bí ire kì í na àtẹ́lẹsẹ̀ sí àgbà. Alága gbé gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu.

“Kí lèyí? Èmi lẹ ń na ẹsẹ̀ sí?”

Rábì kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, alága. Gìgísẹ̀ mẹ́rìnlá rèé, dúdú kan sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Làálì ni mẹ́tàlá. Ọ̀kan tó kù, àìsàn ni, ẹsẹ̀ ìyá mi sì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ní làálì ni. Ẹ ní kí wọ́n mú ti ìyá mi jáde.”

Ó ti fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ya etí làálì mẹ́tàlá náà wúruwùru, bí ti ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá ètò ìlera sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wọ awò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá nàka.

“Èyí ni. Ìyá, èyí ti wọra o. Ẹ tètè wá ìtọ́jú.”

“Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ wo?” ni Ìyá Wòlíì dáhùn. “Àná ni Rábì lé e fún mi!”

Ẹ̀rín bú sáyé. Àwọn èèyàn ti gbé fóònù sókè. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mátírọ́ọ̀nù: “Ẹ̀yin ńkọ́?” Lọ́tẹ̀ yìí, mátírọ́ọ̀nù dìde lórí àga. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

Ìyẹn nìkan ni òótọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kọ ìwé tó darí wa sí ìgboro kí wọ́n tó tú kánópì. Alága sì ṣèlérí lójú gbogbo fóònù pé dókítà awọ ara á máa wá sí Àbà Láníyì ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣooṣù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, dókítà obìnrin kan ní ìgboro wo ẹsẹ̀ Ìyá Rábì, kò sì pẹ́ tó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn wọn, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Kókó wà níbẹ̀, àmì pé àìsàn náà ti tàn kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ní kì í ṣe oòrùn ló ń fa irú jẹjẹrẹ awọ ara yìí. Pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló sábà máa ń wà.

“Èjìká òyìnbó ló kún inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ èmi náà,” ó ní. “Ara àwọn ìyá bíi tiyín ni mo ti kọ́ eléyìí.”

“Ṣé a pẹ́?” ni mo bi í.

Rábì ló wò, kò wò mí. “Ẹ pẹ́.”

Wọ́n gé gìgísẹ̀ náà. Ìyá Rábì fi ọ̀pá rìn dé Iléyá ọdún kejì. Mo lọ kí wọn. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, “Tíṣà, agboòrùn tí ẹ ní ó wà lára mi ńkọ́? Ṣé ó ya ni?” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ti gba ìgbátí ọlọ́pàá rí. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Iṣu tuntun kò tíì jáde tán nígbà tí Ìyá Rábì kú.

Kí la rí gbà? Alága mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ fún nǹkan bí ọdún kan. Àgbẹ̀ kan láti ìtòsí Ìrókò mú ilà dúdú kan lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò wá ní Ọjọ́bọ̀ kan. Wọ́n tètè gé e, ó sì ń kọ ebè títí di òní. Mátírọ́ọ̀nù ya òyìnbó kúrò lára ògiri, wọ́n lẹ àwòrán ẹsẹ̀ dúdú mọ́ ọn. Ìyẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin náà, tó ń wá ní Ọjọ́bọ̀, ti kó lọ sí ìlú òyìnbó. Mi ò bú u. Bí owó oṣù tirẹ̀ bá jẹ́ tèmi, èmi náà á lọ. Ohun tó kàn ń gún mi ni pé ìmọ̀ tó kọ́ lára àwọn ìyá wa ti bá a lọ sí ibi tí irú rẹ̀ kò ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn èèyàn ṣì ń wá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á jókòó títí, wọ́n á sì lọ sílé.

Ìdí nìyẹn tí Rábì àti èmi fi tún gba ọ̀dọ̀ alága lọ lónìí. Alága tuntun ni, kò mọ̀ wá rí. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó fara ti àga.

“Ẹ̀rí dà? Ṣé ẹnì kan wà tó ní àìsàn yìí báyìí? Ẹ mú un wá, kí n fojú rí i.”

“Èyí tí a mú wá nígbà kan, a ti sin ín,” ni Rábì wí. “Ẹ wá dókítà wá, alága, kí ẹ tó béèrè òmíràn.”

Ó ní kí a máa lọ, òun á ránṣẹ́ sí wa. A ò lọ. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Akọ̀wé rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀mejì láti sọ fún wa pé ọ̀gá ti lọ sílé, a sì ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá.