Nono Tí Kò Ní Ṣúgà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ káàkiri Sabon Gari níbí, ní ilẹ̀ Hausa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣàdédé ṣíwọ́ ẹ̀rín rírín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá rẹ́rìn-ín ní yàrá wa, ayálégbé tó wà lẹ́nu ọ̀nà á béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín!

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fà á. Wọ́n ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ó bi ìyá wa. Ìyá wa ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ẹnu rẹ ń rùn. Tí èmi ò bá sọ fún ẹ, ta ló máa sọ?” Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi etí ìborùn bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò Noman's Land, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó ń wá kí i, tí ẹ̀gbọ́n mi náà sì fẹ́ràn. Tí ó bá dé, á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á kàn mi orí. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ arákùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nílé wa.

Pákò ńkọ́? Ó run ún títí èrìgì fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó jẹ kànáfùrù, ó lá mínti. Dókítà eyín fọ eyín rẹ̀, kò rí ihò kankan. Òórùn náà á lọ, á tún padà.

Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé nono, wàrà kíkan wọn, wá sílé wa láàárọ̀. Àwa Yorùbá inú ilé náà ò lè mu ún bẹ́ẹ̀, ṣúgà la máa ń dà sí i bí ẹni ń da iyẹ̀pẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀ jù. Nígbà tí ìyá wa fi Hausa sọ ọ̀ràn náà fún obìnrin náà, ó wo abọ́ ṣúgà wa, ó rẹ́rìn-ín. “Ki sha shi da tsaminsa,” ìyẹn ni pé kó mu ún tòun ti kíkan rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìdí, bí ìyá òun ṣe ṣe é fún òun nìyẹn.

Bó ṣe di pé ẹ̀gbọ́n mi ń mu ún láràárọ̀ nìyẹn, tí ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Ìyá wa á wá gbé ojú sún mọ́ ọn, á ní kó mí sí òun. Mo ń wò wọ́n. Ìyá wa kò yí ojú kúrò rí, àní láàárọ̀ tí òórùn náà le jù. Áà, ìyá dára! Ó pẹ́ díẹ̀ kí àárọ̀ kan tó dé tó ní kó tún un mí, tó sì gbá a mọ́ra: òórùn náà ti lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, arákùnrin yẹn wá, kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun wá dágbére ni, òun ò ní yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ká ìborùn kúrò lẹ́nu.

“Ẹ jókòó. Ẹnu mi ló ń rùn tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ yín.”

“Mo mọ̀,” ló dáhùn. “Èmi rò pé o ò fẹ́ kí n sún mọ́ ẹ ni.”

Àwọn méjèèjì ló jọ darúgbó.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi fi nǹkan kan hàn mí lórí fóònù. Kòkòrò tín-tìn-tín tó ń ṣe ara lóore, irú èyí tó wà nínú nono, ni wọ́n ti rọ sínú hóró oògùn báyìí fún ẹnu tó ń rùn. Ó ní àwọn dókítà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn. Inú mi dùn sí i. Àṣé ẹnu òun náà ti ń rùn, ó ti rà á, ó ti lò ó, ara rẹ̀ sì ti yá, nínú ilé tí a jọ ń gbé. Ayé ti dẹrùn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọmọ náà sunkún tán, ó nu ojú, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀.