Orúkọ Tí Ìyá Janet Ò Fẹ́ Pè

Ìyá Janet, ọ̀rẹ́ mi ní Òmù-Àrán, kì í ṣèèyàn burúkú. Orí kunkun ló ní, orí tó lè fọ́ èkùrọ́. Ọdún kẹta tí wọ́n dá Kúwárà sílẹ̀ ni Janet, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ Tápà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Ṣáárẹ́, ó sì bá a lọ sí abúlé kan láàárín Odò Ọya. Wọ́n sọ ọ́ ní Jàrátù lọ́hùn-ún. Ìyá ẹ̀ ní òun ò bí Jàrátù kankan. Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọmọ. Ìyá ò lọ. Ìgbà tí a wá gbọ́ pé èkejì ti wọ oṣù kẹjọ, ó kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀.

"Dìde, bá mi lọ. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì wẹ ọmọ ọmọ mi."

Bọ́ọ̀sì tó gbé wa kúrò ní Ṣáárẹ́ gbọ̀n wá bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Ìyá Janet gbé ọṣẹ dúdú, àdí àti kànìnkànìn lé itan, kò gbé e sílẹ̀ títí a fi dé Pàtígì. Ọkọ̀ ojú omi tó máa lọ kẹ́yìn ti fẹ́ ṣí. Abúlé mẹ́rin ló ń dúró sí.

Atukọ̀ ní, "Ìyá, ilé ta lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé Tápà kan."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé adìẹ dání ní, "Ìyá, atukọ̀ yìí, Tápà. Èmi, Tápà. Adìẹ mi gan-an, Tápà ni."

Atukọ̀ tún ní, "Kí lorúkọ ọkùnrin ọ̀hún?"

Kò mọ̀. Látọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ ti bá a lọ, kò bèèrè rí!

"Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?"

"Janet."

Wọ́n wo ara wọn. Wọn ò mọ Janet. Atukọ̀ wo oòrùn, ó ní ọkọ̀ míì di ọjọ́ ọjà, ọjọ́ márùn-ún sí i.

Mo mọ orúkọ tí wọ́n ń wá. Ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Èmi kọ́ ni mo lọmọ.

Ìyá Janet wo omi, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó wá sọ ọ́ wéré, bí ẹni tu egungun ẹja dànù: "Jàrátù. Èmi ni ìyá ẹ̀."

"Jàrátù ìyàwó Ndanusa! Jàrátù aránṣọ!" Aládìẹ ló kígbe. Gbogbo èrò sún. Wọ́n fà á wọkọ̀ bí àpò ìrẹsì. Èmi náà wọkọ̀, kò sẹ́ni tó fà mí.

"Ìyá Jàrátù, ẹ jókòó síbí." Ó jókòó. "Ìyá Jàrátù, ẹ má fọwọ́ sómi." Ó kó ọwọ́ kúrò.

Mo ń wò ó.

"Kí lò ń wò? O ò rí mi rí?"

Ẹnu ọ̀nà ilé Ndanusa ni a bá Janet, ikùn ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò lè kúnlẹ̀.

"Ìyá mi! Báwo lẹ ṣe mọlé?"

"Mo bèèrè ẹ ni. Jókòó, jẹ́ n fọwọ́ kan ikùn ẹ."