Àgbọ̀nrín Màlúù Róòdù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé: ọjọ́ tí mo pa àgbọ̀nrín ní Àpápá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti fi igbó ọdẹ Ìsẹ́yìn sílẹ̀ nígbà náà, mò ń lẹ táyà ní Màlúù Róòdù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àgbọ̀nrín kan já okùn lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sá wọ àbàtà. Mo sáré lọ gbé ìbọn mi nílé. Mo ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ara mi yá gágá. Ó dúró, ó wò mí. Mo yìnbọn, ó ṣubú.

Àwọn èrò hó yèè. "Baba Ọdẹ, ẹ try gan-an! Itan kan ni tèmi o!"

Ìyàwó mi, Sàbítíyù, tó tẹ̀lé mi láti ilé, kò bá wọn hó. "Baba Ràímì, ẹ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀ ń yìnbọn. Ṣé pípa ẹran dùn mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Wíwá a ló dùn," ni mo dáhùn. "Tó bá ti ṣubú tán, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èmi nìkan ló kù láyé."

"Èmi tí mo dúró tì yín yìí wá ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń so ẹsẹ̀ ẹran náà pọ̀.

Nígbà tí Sàbítíyù kú, ọmọbìnrin wa jogún aṣọ rẹ̀, Ràímì jogún ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìbéèrè tó bi mí gbẹ̀yìn lẹ́bàá àgbọ̀nrín yẹn ló fi sílẹ̀ fún èmi.