Fìlà oníwáyà tí wọ́n dé fún Bàbá mi

Bàbá mi dá mi lóhùn lónìí, mi ò sì tíì dákẹ́ ẹkún.

Àtìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn wó ní Ifẹ̀wàrà, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọn ò lè ṣẹ́jú sí wa.

Lónìí, n'Íléṣà, dókítà dé fìlà oníwáyà lé wọn lórí, ó so nǹkan kékeré tó ń gbọ̀n bíi fóònù mọ́ ọwọ́ wọn méjèèjì. Tí wọ́n bá fọkàn sí ti ọwọ́ ọ̀tún, ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ti òsì, rárá. Kọ̀ǹpútà á kà á látinú ọpọlọ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ tá a ti ń pa láti oṣù mẹ́rin: "Bàbá, Màmá ṣì wà l'Óṣogbo, wọ́n ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ṣé ká bá yín kí wọn?"

Kọ̀ǹpútà ní: "Rárá."

"Àbí ẹ ń bínú sí wọn ni?"

"Rárá."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá ò sí láyé mọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn náà la kúkú jókòó sí nígbà tá à ń jiyàn lórí pósí! A ṣe bí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ò gbọ́ràn. Bàbá mi dá ṣọ̀fọ̀ ìyàwó wọn láàárín wa, àwa ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Lọ́la, wọ́n á tún dé fìlà yẹn. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dárí jì wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa bi wọ́n? Ẹ̀rù ọwọ́ òsì yẹn ń bà mí.